Ibi Tí Àpáta Ti Ya

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ́ kànga ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
láti Àtíkòrí dé Òjòwò.
Ẹ bi ẹ̀yìn mi léèrè, á sọ fún yín.
Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní Òde ń jayé:
iyẹ̀pẹ̀ pupa ni, ọkọ́ ń wọ̀ ọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ búrẹ́dì.
Tiwa níhìn-ín, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó pọ̀ jù méjìlá,
ọkọ́ á dún kàù!
Onílé ti dé nìyẹn.

Ohun kan wà tí mo mọ̀, n kò kọ́ ọ nílé ìwé:
àpáta tó pé, tí kò ní àléébù, kì í fúnni lómi.
Èyí tó ya ni kí o wá,
èyí tó ti fara gbọgbẹ́ rí.
Fi etí lé e. Bó bá ń mí, máa gbẹ́ lọ.

Lóṣù Èrèlé, nígbà tí kànga Ìyá Ṣówùnmí gbẹ,
Abọ́sẹ̀dé ọmọ Ọdúṣọgà dé láti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè,
òun àti òòlù kékeré, òun àti kọ́ńpáàsì,
bàtà rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.
Ó ní kí n bu òkúta wá fóun nísàlẹ̀.
Mo ní, "Wúrà lẹ̀ ń wá?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà tó gbà ni mò ń wá, Bàbá."

A jókòó létí kànga, a rẹ gàrí.
Ó fi ìdí ṣíbí fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀.
Ó ní wúrà kì í ṣọmọ ibi tí wọ́n ti ń rí i;
àlejò ni.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí a bá so gbogbo okùn kànga Ìjẹ̀bú pọ̀
tí kò ní dé,
ilẹ̀ ti fà ya nígbà tí kò tíì sí etí tí yóò gbọ́ ìró rẹ̀.
Apá kan ń lọ sókè, apá kejì ní òun ò lọ,
wọ́n ń ha ara wọn bí ọlọ àti ọmọ ọlọ.
Àárín wọn ni omi gbígbóná ń gbà bọ̀,
ó pọn wúrà sẹ́yìn bí ìyá tó ń sá fógun,
wúrà tí ojú kò rí, tó yọ́ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀.
Bí ọ̀nà bá tọ́ gbọnrangandan, kò ní yà síbì kan.
Àmọ́ níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà,
tí àpáta lanu díẹ̀,
ohun tó há omi mọ́ á dẹ̀,
omi á mí kanlẹ̀,
á sọ ẹrù kalẹ̀:
òkúta funfun, wúrà nínú rẹ̀
bí egungun ẹja nínú òkèlè.

N kò fèsì. Gàrí mi ti wú, ó ti mu omi rẹ̀ tán.
Ṣótúnbọ̀ àbúrò mi ni mo ń rò,
bí a ṣe ha ara wa lórí ilẹ̀ baba wa
títí ilé fi là sí méjì, ogún ọdún gbáko.
Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ gba àárín wa wọlé,
ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ kànga.

Abọ́sẹ̀dé gbé dígí sójú, ó yí òkúta náà sọ́tùn-ún, sósì.
Nǹkan kan tàn yẹ́rẹ́.
"Kì í ṣe òun," ló wí. "Ó kàn jọ ọ́ ni."
Ó ní ìlà tí òun ń tọ̀ ń lọ sápá Ìjẹ̀ṣà,
bóyá ìrù rẹ̀ kan wá, bóyá kò kàn wá.
Ó kó òòlù, ó dúpẹ́ gàrí, ó gun ọ̀kadà.

Ìyá Ṣówùnmí ní, "Ṣé owó ti bọ́?"
Mo ní rárá.
Mo tún sọ̀kalẹ̀, ọmọ Ṣótúnbọ̀ di okùn mú lókè.
Lọ́wọ́ òsì, ẹsẹ̀ kan péré sí ibi tí mo gbé ọkọ́ sí,
àpáta ya, kò fẹ̀ ju ìka lọ.
Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ọn.
Ó tutù.